Bí A Ti Ń Yan Aṣọ Tí Ó Bá Ọmọ Ọwọ́ Mu

(Àròkọ Aláàlàyé)

Ìlapa Èrò

(a) Ìfáárà: ara ọmọ ni à ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀
(b) Bí ọmọ ti ń dàgbà ní ọdún kìíní
(d) Bí a ti ń wọn ọmọ
(e) Ìtumọ̀ àmì ìwọ̀n tí ó wà lọ́rùn aṣọ
(ẹ) Bí a ti ń mọ aṣọ tí ó há àti èyí tí ó tóbi jù
(f) Ríra aṣọ sílẹ̀ de ọmọ
(g) Títọ́jú aṣọ tí ọmọ kò tíì lè wọ̀
(gb) Ìkádìí

Àròkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá jẹ́ ti àgbàlagbà tí ń lọ sí òde. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ọmọ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò dáadáa kí a tó wo aṣọ. Àgbàlagbà tí ẹ̀wù bá há mọ́ lọ́rùn yóò tú bọ́tìnì rẹ̀. Bí ṣòkòtò bá fún un ní ìbàdí, yóò bọ́ ọ sílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹkún nìkan ni ó ní, ẹkún náà kì í sì í sọ ohun tí ó fa sábàbí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra aṣọ fún ọmọ ọwọ́ ní láti bá a ro ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò lè rò.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé ọjọ́ orí ọmọ ni a fi ń ra aṣọ fún un. Bí bàbá ọmọ bá dé ìsọ̀ aláṣọ, ìyá tí ń tajà yóò kí i pé, “Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Oṣù mélòó ni ọmọ yín?” Bí ó bá dáhùn pé, “Oṣù mẹ́ta ni, mà,” ìyá náà yóò na ọwọ́ sí aṣọ tí wọ́n kọ oṣù mẹ́ta sí lọ́rùn, bàbá ọmọ yóò sanwó, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọn kò sọ pé ọjọ́ orí eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí ni pé gígùn ọmọ àti ìwúwo rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi yan aṣọ fún un, kì í ṣe iye oṣù tí ó ti lò láyé.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, mo fẹ́ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tí a jọ ń gbé àdúgbò. Nígbà tí ìyàwó lóyún àkọ́bí wọn, ayọ̀ ọkọ kún débi pé ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó oṣù rẹ̀, ó fi ra ẹ̀wù ìkókó mẹ́rìnlélógún. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo rẹ̀, èyí tí ó kéré jù lọ ní ìsọ̀, nítorí ó rò pé kò sí bí ọmọ tuntun ti lè tóbi tó. Nígbà tí ìyàwó bí, ọmọ náà wúwo ju kìlógíráàmù mẹ́rin lọ. Ẹ̀wù mẹ́ta péré ni ó rí wọ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó há mọ́ ọn lára. Wọ́n kó mọ́kànlélógún tí ó kù sínú àpótí de àbúrò rẹ̀, wọ́n sì fi káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́. N ó padà sí ọ̀rọ̀ àpótí yìí níwájú, nítorí pé inú rẹ̀ ni àṣìṣe kékeré ti fẹ́ di ńlá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni bí ọmọ ti ń yára dàgbà tó ní ọdún kìíní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí oṣù wọn pé ni ó máa ń wúwo tó kìlógíráàmù 2.5 sí 4 ní ọjọ́ tí a bí wọn, gígùn wọn a sì máa tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ọmọ a máa fúyẹ́ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sábà máa ń padà bọ̀ sí ìwúwo ọjọ́ ìbí rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìdàgbà rẹ̀ a di eré sísá. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, ìwúwo rẹ̀ yóò ti di ìlọ́po méjì ti ọjọ́ ìbí. Ní ọdún kan, yóò ti di ìlọ́po mẹ́ta, yóò sì ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 gùn sí i. Bí àgbàlagbà bá ń dàgbà báyìí, kò sí télọ̀ tí kò ní sá fún un.

Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé òṣùwọ̀n ìdàgbà ọmọ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Gánà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n náà, ọmọkùnrin tí kò tóbi tí kò sì kéré yóò wúwo tó kìlógíráàmù 3.3 ní ọjọ́ ìbí, 6.4 ní oṣù mẹ́ta, 7.9 ní oṣù mẹ́fà, àti 9.6 ní ọdún kan. Ti ọmọbìnrin jẹ́ 3.2, 5.8, 7.3 àti 8.9. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọmọ tí ó wà ní àárín gbùngbùn ni ìwọ̀nyí ń sọ nípa rẹ̀. Ọmọkùnrin oṣù mẹ́ta kan lè wúwo tó kìlógíráàmù márùn-ún ààbọ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a bí ní ọjọ́ kan náà tó méje ààbọ̀, kí ara àwọn méjèèjì sì le koko. Bí a bá ra ẹ̀wù kan náà fún àwọn méjèèjì nítorí pé oṣù wọn dọ́gba, yóò fún ọ̀kan lọ́rùn, yóò sì bọ́ lọ́rùn èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń wọn ọmọ. Ìwọ̀n mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì: ìwúwo, gígùn, àti yíká orí.

Ìwúwo ni ó rọrùn jù lọ láti mọ̀, nítorí pé a máa ń kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ nígbà tí ìyá bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ìwọ̀n àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó yẹ kí inú wa máa dùn bí a bá rí irú káàdì yìí, nítorí pé ilẹ̀ wa wà nínú ìtàn rẹ̀. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Nínú iṣẹ́ náà ni ó ti ṣe káàdì tí ìyá lè fi máa wo bí ọmọ rẹ̀ ti ń wúwo sí i láti oṣù dé oṣù, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìyá tí ó bá ń lọ ra aṣọ ọmọ kò gbọdọ̀ gbàgbé káàdì yìí sílé.

Ní ti gígùn, ènìyàn méjì ni ó ń ṣe é. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ọmọ sí i ní ìdùbúlẹ̀ ẹ̀yìn. Kí ẹnì kan rọra di orí rẹ̀ mú, kí ẹnì kejì rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fa ẹsẹ̀ ọmọ bí ẹni ń fa okùn. Ẹ fi àmì sí ibi tí àtàrí rẹ̀ dé àti ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ dé, kí ẹ gbé ọmọ kúrò, kí ẹ sì fi tépù télọ̀ wọn àárín àmì méjèèjì. Ní ti orí, ẹ fi tépù yí iwájú orí ká, lókè ojú díẹ̀, kí ó gba ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù lọ. Ti ọmọ tuntun sábà máa ń tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 35.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni orí ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé orí ọmọ tuntun tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Ẹ̀wù tí ó bá a mu ní àyà lè má gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí ẹ̀wù tí ó ní bọ́tìnì ní èjìká, tàbí èyí tí ó ṣí níwájú láti òkè dé ilẹ̀, fi dára fún ìkókó ju èyí tí a ní láti ti orí bọ̀ lọ.

Bí kò bá sí àyè láti gbé ọmọ lọ sí ọjà, ọgbọ́n kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Mú ẹ̀wù kan tí ó bá ọmọ náà mu lọ́wọ́lọ́wọ́ dání. Bí o bá rí èyí tí o fẹ́ rà, tẹ́ èkíní lé èkejì lórí, kí o wo èjìká, abẹ́ apá, àti gígùn. Ojú rẹ yóò sọ òtítọ́ fún ọ ju àkọlé ọrùn aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọlé yìí gan-an ni ó kàn. Àwọn aṣọ ọmọ tí ó wà lọ́jà wa, àti tuntun àti òkìrìkà, ti ọ̀nà púpọ̀ wá, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ti ń kọ ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù méjì ni wọ́n máa ń kọ pọ̀: 0–3, 3–6, 6–9, 9–12. Èyí túmọ̀ sí láti oṣù báyìí títí dé oṣù báyìí. Aṣọ 0–3 sábà máa ń wà fún ọmọ tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 62 lọ. Ti 3–6 dé nǹkan bí 68, ti 6–9 dé 74, ti 9–12 sì dé 80.

Ọ̀nà kejì ni ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ, pẹ̀lú lẹ́tà M lẹ́yìn rẹ̀: 3M, 6M, 9M, 12M. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Lọ́pọ̀ ìgbà, 6M kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ náà ní oṣù mẹ́fà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé oṣù mẹ́fà ni yóò ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra 6M fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà ti ra aṣọ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré kí ó tó dé ilé.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù bí Jámánì. Bí o bá rí 56, 62, 68, 74 tàbí 80 lọ́rùn aṣọ ọmọ, kì í ṣe iye owó, kì í sì í ṣe nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Gígùn ọmọ ní sẹ̀ǹtímítà ni. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n fi ń fò. Ọ̀nà yìí ni ó ṣe kedere jù lọ, nítorí pé ara ọmọ ni ó ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí ọmọ bá wà láàárín nọ́ńbà méjì, èyí tí ó tóbi ni kí a mú. Ọmọ tí ó gùn tó 59 yóò wọ 62.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, kí a má ṣe fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé àkọlé. Ilé iṣẹ́ méjì lè kọ ìwọ̀n kan náà sí aṣọ, kí ọ̀kan sì fi ìka kan tàbí méjì tóbi ju èkejì lọ. Aṣọ òwú tuntun a máa sún kì bí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kínní, nítorí náà ó yẹ kí ó tú díẹ̀ lára ọmọ nígbà tí a bá rà á. Òkìrìkà ti sún kì tirẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó lè kéré ju ohun tí wọ́n kọ sí i lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní àkọlé mọ́. Tépù ni ọ̀rẹ́ ẹni tí ń ra òkìrìkà. Bí ó bá sì jẹ́ bùbá tàbí dàńṣíkí ni a fẹ́ rán fún ọmọ, kí a sọ fún télọ̀ kí ó ṣẹ́ etí aṣọ sínú ní ìka méjì, kí a lè tú u bí ọmọ bá ti ń ga sí i.

Ẹ̀wẹ̀, ó yẹ kí a lè fi ojú àti ọwọ́ mọ̀ bóyá aṣọ bá ọmọ mu nígbà tí ó bá wọ̀ ọ́ tán. Aṣọ tí ó há ní àmì tirẹ̀. Bí ìka méjì kò bá lè wọ àárín ọrùn ẹ̀wù àti ọrùn ọmọ láìfi ipá, ó há. Bí a bá bọ́ ṣòkòtò tí rọ́bà sì ti fi ilà pupa sí ìbàdí tàbí itan ọmọ, ó há. Bí bọ́tìnì abẹ́ ìdí bá ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá na ẹsẹ̀, ẹ̀wù náà kúrú. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tí ó bo ẹsẹ̀, kí a fi ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ká kò síwájú, ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ìlédìí aláṣọ a máa gba àyè ju èyí tí a ń wọ̀ sọnù lọ, nítorí náà ìlédìí ni kí a kọ́kọ́ wọ̀ fún ọmọ kí a tó yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò wò. Bí ìwọ́ ìkókó kò bá tíì já, kí rọ́bà ìbàdí má ṣe máa ha ibẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ ìkókó gba àkíyèsí púpọ̀. Kí a yí inú wọn síta kí a tó wọ̀ wọ́n fún ọmọ, kí a sì gé òwú tí ó bá ń já. Òwú kan ṣoṣo lè wé mọ́ ọmọ ìka, kí ó sì dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ọmọ yóò máa ké, a ó máa fún un ní oògùn inú rírun, inú kò sì ṣe é. Bí ọmọ bá ń ké tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ó dára kí a bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀, kí a yẹ ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan rò pé bí aṣọ bá ti tóbi, kò séwu mọ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù tí ọrùn rẹ̀ gbòòrò jù lè sún sókè bo imú àti ẹnu ọmọ tí ó ń sùn, ọmọ tí kò tíì lè fi ọwọ́ mú nǹkan kò sì lè ṣí i kúrò. Fìlà tí ó tóbi jù lè ṣe bákan náà, nítorí náà a kì í fi fìlà sílẹ̀ lórí ọmọ tí a tẹ́ sùn nínú yàrá tí ó móoru. Okùn tí ó wà lọ́rùn ẹ̀wù òtútù, kí a fà á yọ, nítorí ó lè fún ọmọ lọ́rùn. Bí ọmọ bá sì ti ń rá tàbí tí ó ń dìde dúró, ṣòkòtò tí ó ń wọ́ nílẹ̀ yóò máa gbé e ṣubú. Ó dára kí aṣọ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìdàgbà, ṣùgbọ́n kí àyè náà má ju ìwọ̀n kan lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń rán aṣọ ní òkè òkun kì í sábà rò mọ́ ọn: àwa a máa pọn ọmọ. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, orúnkún rẹ̀ sì ká. Aṣọ tí ó bo ẹsẹ̀ tí ó bá a mu dáadáa nígbà tí ó wà lórí ẹní yóò máa fà á ní èjìká àti ní ìka ẹsẹ̀ bí a bá ti pọ̀n ọ́n. Nítorí náà, èyí tí kò bo ẹsẹ̀, tí abẹ́ ìdí rẹ̀ sì gbòòrò, ni ó dára fún pípọ̀n. Bí ẹ̀wù bá sì tóbi jù, yóò ká jọ láàárín àyà ọmọ àti ẹ̀yìn ìyá, ooru yóò sì mú un lábẹ́ ọ̀já.

Ní ti ríra aṣọ sílẹ̀, ìṣirò díẹ̀ ni ó gbà. Kí a má ṣe ra ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú ìwọ̀n ìkókó, nítorí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò fi lò ó. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé nìkan ni ó lè pẹ́ nínú rẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ nílò èyí tí ó kéré sí i. Kí a sì fi ojú ọjọ́ sí i. Ọmọ tí a bí ní oṣù kẹta ọdún yóò ti pé oṣù mẹ́sàn-án nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀wù òtútù oṣù mẹ́ta sílẹ̀ dè é ti fi owó ṣòfò, nítorí pé inú ooru ni ọmọ yóò ti wọ oṣù mẹ́ta kọjá. Bákan náà, ẹni tí ó bá ń mú ẹ̀bùn lọ síbi ìsọmọlórúkọ yóò ṣe dáadáa bí ó bá mú aṣọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ, nítorí pé ìwọ̀n ìkókó ni gbogbo ènìyàn yóò mú wá ní ọjọ́ kẹjọ.

Ọ̀rọ̀ ìbejì kò ṣeé fò dá láàárín àwa Yorùbá. Àṣà wa ni pé aṣọ kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ń wọ̀. Àṣà náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀kan máa ń wúwo ju èkejì lọ. Kí aṣọ wọn jọra ní àwọ̀ àti ní ọnà, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n kálukú jẹ́ ti ara rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ àpótí tí mo sọ níṣàájú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyàwó náà bí ọmọkùnrin. Inú wọn dùn pé aṣọ wà nílẹ̀. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kó ẹ̀wù mọ́kànlélógún náà jáde pẹ̀lú òórùn káńfọ̀ lára wọn, wọ́n sì ń wọ̀ wọ́n fún ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹyinjú ọmọ ti pọ́n, kò sì mú ọyàn dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ ni pé, “Ìyá ìkókó, ṣé káńfọ̀ wà nínú aṣọ tí ẹ wọ̀ fún un?” Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ náà lò lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń wo ibà pọ́njú kí Ọlọ́run tó yọ ọ́.

Ohun tí ó fa èyí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa, pàápàá jù lọ ọmọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. A kì í rí i lójú. Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ sínú, tàbí tí káńfọ̀ bá gba ara aṣọ kàn án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ibà pọ́njú yóò sì dé. Bí ibà náà bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ títí ayé, ó sì lè pa á. Nítorí náà, kí a má ṣe fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ rárá. Aṣọ tí ọmọ kò tíì lè wọ̀, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sá a gbẹ dáadáa, kí a lọ̀ ọ́, kí a dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ara ọ̀rá náà. Bí òórùn káńfọ̀ bá wà lára aṣọ tí ẹnì kan fún wa, kí a má ṣe wọ̀ ọ́ fún ìkókó. Bí ojú ọmọ bá sì pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé káńfọ̀ nìkan kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wù mẹ́rin tàbí márùn-ún ni bàbá náà rà ní ìwọ̀n ìkókó, tí ó sì fi owó tí ó kù ra ìwọ̀n tí ó tóbi sí i, kò bá tí sí aṣọ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kó sínú àpótí.

Ní ìparí, yíyan ìwọ̀n aṣọ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ olówó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Káàdì ọmọ, tépù télọ̀, àti ẹ̀wù kan tí ó bá a mu lọ́wọ́lọ́wọ́ ti tó láti fi ra aṣọ tí ó tọ́. Kí a ka àkọlé ọrùn aṣọ, ṣùgbọ́n kí a gba ohun tí ara ọmọ bá sọ gbọ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò tọ́jú owó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò sì sùn wọra. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àkíyèsí fún Akẹ́kọ̀ọ́

Kíyè sí i pé ohun kan ṣoṣo ni àròkọ yìí ń ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn tọkọtaya inú rẹ̀ wà láti fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ni, kì í ṣe láti sọ ọ́ di àròkọ onítàn. Wò ó bákan náà pé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó tirẹ̀, àti pé ibi tí ó bá ti yẹ kí a sọ iye, iye náà ni a sọ, a kò kàn sọ pé “ó pọ̀” tàbí “ó kéré”.

Ìdánrawò

1. Kọ àròkọ aláàlàyé lórí bí a ti ń yan bàtà tí ó bá ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mu.
2. Ṣàlàyé bí a ti ń tọ́jú aṣọ nílé kí kòkòrò má baà bà á jẹ́, láìlo ohun tí ó lè pa ọmọ lára.